Ìtẹ́ Kẹtàdínláàádọ́ta

Ọ̀sẹ̀ kẹta rèé tí oòrùn kò yọ ní Tromsø.
Àwa tí wọ́n bí síbí kì í béèrè ibi tó gbà lọ;
a ó tan àtùpà sójú fèrèsé, a ó gbé kọ́fí kaná.
Aago mẹ́rin ìdájí, aago mẹ́rin ìrọ̀lẹ́,
òkùnkùn kan náà ni, kò sí èyí tó mọ́ ju èkejì.

Mo gbé kọ̀ǹpútà sórí tábìlì oúnjẹ,
ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ kan abọ́ ọkà tí Sjur kò jẹ tán.
Ẹgbẹ̀rún mọ́kànlá ìlà ló wà nínú fáìlì yìí.
Ìlà kọ̀ọ̀kan, ìrìn ẹyẹ kan láti òkun bọ̀ sí ìtẹ́,
ẹja wẹ́wẹ́ lẹ́nu, ọmọ ń la ẹnu dè é.
Èmi ni mo kà wọ́n, ìgbà ooru méjì gbáko lórí àpáta,
Sjur lẹ́yìn mi nígbà àkọ́kọ́,
nígbà kejì ó jókòó tì mí, ó ń ka òkúta tirẹ̀:
ọ̀kan, méjì, márùn-ún, ọ̀kan.

"Màmá."
Mo ní mò ń bọ̀.
Mò-ń-bọ̀ mi ti gbó ju bàtà òjò rẹ̀ lọ.

Ikọ́ ló ń wú. Mo gbé e lé itan,
ọwọ́ òsì ń lù ú lẹ́yìn pẹ́lẹ́pẹ́lẹ́,
ọwọ́ ọ̀tún ń pàṣẹ fún ẹ̀rọ.
Ẹ̀rọ fi lẹ́tà pupa dá mi lóhùn:
nǹkan kan ò tọ́ níbì kan. Kò sọ ibi tó jẹ́.
Àṣé gìgísẹ̀ Sjur ti kọ kkkkkkk
sáàárín iye ẹja.
Mo pa mẹ́fà rẹ́, mo gbàgbé ọ̀kan.
Ọ̀kan yẹn ni mo fi wákàtí kan wá.

Ọ̀jọ̀gbọ́n Torgeir ti kọ̀wé láná:
Ìtẹ́ kẹtàdínláàádọ́ta yà sọ́tọ̀ jù,
ó ń fa gbogbo àwòrán wálẹ̀. Yọ ọ́.
Kì í ṣe ènìyàn burúkú.
Òun ló bá mi to ibùsùn ọmọ
lọ́jọ́ tí Håvard di ẹrù rẹ̀ lọ sí Bodø.
Òótọ́ sì ni: ẹyẹ méjì ní í tọ́ ọmọ kan,
ọ̀kan á jókòó, ọ̀kan á ròkun.

Ṣùgbọ́n mo mọ ìtẹ́ yẹn.
Ọjọ́ kejìdínlọ́gbọ̀n oṣù kẹfà, akọ ròkun, kò bọ̀.
Tàbí abo ni; ìrísí wọn ò yàtọ̀ lójú mi.
Èyí tó kù jókòó ọjọ́ méjì láìjẹ,
ní ọjọ́ kẹta, ó fò,
ó fi ọmọ sílẹ̀ fún afẹ́fẹ́, ìṣẹ́jú mọ́kànlélógójì.
Mo fi pẹ́ńsù kọ ọ́ sílẹ̀, ọwọ́ mi ń gbọ̀n,
nítorí ẹyẹ apẹran kan ń rà bàbà lókè.
Ó bọ̀. Ẹja méjì. Ó tún lọ.
Wọ́n ní ọwọ́ kan kì í gbé igbá dórí.
Ẹyẹ yẹn kò gbọ́ òwe; ó gbé e dé èjìká.

Ọjọ́ kejìlélógún oṣù keje, àlàfo ni.
Ibà mú Sjur, n kò dé àpáta.
Nígbà tí mo padà, ìtẹ́ ti ṣófo.
Bóyá ọmọ náà fò ni, bóyá wọ́n gbé e ni,
dátà kò mọ̀, èmi tí mo kó o jọ kò mọ̀.

Mo kọ̀wé sí Torgeir: N kò ní yọ ọ́.
Mo pa gbólóhùn náà rẹ́, mo tún un kọ bákan náà,
mo fi ránṣẹ́ kí n tó rònú.

Aago méje. Jẹ́lé-ó-sinmi á ṣílẹ̀kùn láìpẹ́.
Ìbọ̀sẹ̀ kan ṣoṣo ni mo rí.
Èkejì wà lórí kọ̀ǹpútà, Sjur ti fi bo àwòrán ẹyẹ
tó wà lójú rẹ̀.
"Má ṣí i," ó wí. "Ó ṣẹ̀ṣẹ̀ sùn ni."